Alẹ́ ni Irun Àárọ̀ Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Tí aago mẹ́fà bá lù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ní Bódìjà nílùú Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ obìnrin ti wà níwájú dígí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì Agodi mọ̀ pé bí òun kò bá tètè kúrò nílé, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ iwájú ọjà Bódìjà yóò mú òun lójú ọ̀nà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó gba yàrá sí àdúgbò náà ní kíláàsì aago mẹ́jọ. Ìyá ọlọ́mọ ní orí tirẹ̀ láti tún ṣe, ó tún ní ti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kò ní pẹ́ fọn fèrè. Irun tí wọ́n fọ̀ ní Sátidé, tó rọ̀ tó sì gùn nígbà tó wà nínú omi, ti sún kì mọ́ orí, òòyà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń nawọ́ sí wíìgì tó wà lórí ìṣó fún ara wọn, tí wọ́n á sì fi róbà fún irun ọmọ pọ̀ títí awọ iwájú orí ọmọ yóò fi fà sókè.

Mi ò bá wíìgì jà, ó ní ọjọ́ tirẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní irun púpọ̀, irun tó dára, ti gbà pé kò sí ohun tí ọwọ́ àwọn fúnra àwọn lè fi ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n á ní irun àwọn ti le jù, ó di ọ̀dọ̀ onídìrí. Irun náà kò le. Iṣẹ́ tó yẹ kó ti parí lálẹ́ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Irun tí a kó lọ sókè, èyí tí àwọn ọmọ ìsìnyí ń pè ní páàkì, ni irun tó rọrùn jù fún obìnrin tó ní ibi í lọ, bí a bá ti na irun náà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn ìyá wa kò kọ́ irun àkósókè lójú fíìmù. Ṣùkú wà kí fíìmù tó dé. Onídìrí á bẹ̀rẹ̀ láti etí irun yíká gbogbo orí, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ní ìpàkọ́, á máa dì í bọ̀ lókè títí gbogbo ẹsẹ̀ irun yóò fi pàdé ní àtàrí, á wá kó ìdí wọn jọ síbẹ̀. Àwọn kan ń fẹ́ kó ga, àwọn kan ń fẹ́ kó tẹ́ mọ́ orí. Kòlẹ́sẹ̀ kò gòkè ní tirẹ̀, ọ̀nà ìpàkọ́ ló ń gbà lọ. Kòrọ́bà ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín orí, ó sì ń tú ká wálẹ̀ yíká. Pàtẹ́wọ́ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì kí méjèèjì tó wá pàdé láàárín. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí irun kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ń lọ ti mọ ìdajì iṣẹ́ ọwọ́ náà, nítorí pé gbogbo irun àkósókè tí a lè ṣe nílé, ọmọ ṣùkú ni.

Àlùfáà Samuel Johnson, tó gbé Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lọ sí Ọ̀yọ́, kò fojú fo ọ̀rọ̀ irun obìnrin nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n wá tẹ̀ jáde ní 1921. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọge tí kò tíì lọ́kọ máa ń di irun rẹ̀ ní ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́, láti 8 sí 14, bó bá sì ṣe wẹ́ tó ni wọ́n ṣe ń yìn ín tó. Abilékọ ní tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á sì parí rẹ̀ láàárín orí láti iwájú lọ sí ìpàkọ́. Ọkùnrin àlùfáà tó ń kọ ìtàn ogun àti oyè jókòó ka ẹsẹ̀ irun. Inú mi dùn pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá kà á, ta ni ì bá sọ fún wa lónìí?

Ẹlòmíràn tó tún jókòó ti irun wa, Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oṣù nídìí fọ́tò. J. D. 'Okhai Ojeikere ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1930 ní ilẹ̀ Emai, ní ibi tó ti di Ìpínlẹ̀ Ẹdó báyìí. Ní 1954 ló rí iṣẹ́ gbà ní yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní Iléeṣẹ́ Ìròyìn ní Ìbàdàn. Ní 1961 ó bọ́ sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà nílùú náà, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1959, kó tó kọjá sí Èkó ní 1963 láti bá iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà ṣiṣẹ́. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun obìnrin: lójú títì, nílé ìgbéyàwó, ní ọ́fíìsì, níbikíbi tó bá ti rí orí tó wù ú. Kò dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán irun tó yà sì sún mọ́ 1,000. Ní 2000 wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Fondation Cartier ní Paris. Ní 2013 ó wà níbi ìpàtẹ ńlá ti Venice. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún 2014.

Ẹ wo àwọn àwòrán náà dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀yìn orí tàbí ẹ̀gbẹ́ ló dojú kọ wá. Ojú obìnrin náà kò sí níbẹ̀. Àwọn kan ti rojọ́ pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí a mọ ẹni tó ni orí. Èmi gbà pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ̀yìn ni irun àkósókè ti ń sọ òótọ́. Iwájú ni dígí ń fi hàn wá, ìpàkọ́ ni àwọn tó tò sẹ́yìn wa ní báǹkì àti ní ṣọ́ọ̀ṣì ń rí. Obìnrin tó ń ṣe irun ara rẹ̀ nílé gbọ́dọ̀ rántí èyí, nítorí ìpàkọ́ ni gbogbo àbùkù ń fara pamọ́ sí: ibi tí ìlà kò ti tọ́, ibi tí irun ti já bọ́, ibi tí píìnì ti yọ orí. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa lè ṣe ohun tí Ojeikere ṣe. Ẹ gbé e sẹ́yìn orí, ẹ ya fọ́tò ìpàkọ́ yín kí ẹ tó jáde. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán rẹ̀, tó yà ní 1975, ni wọ́n ń pè ní Onílé Gogoro. Irun tí wọ́n fi òwú kó ni. Wọ́n fi òwú wé irun títí ó fi le tó láti dá dúró, wọ́n wá tẹ̀ ẹ́, wọ́n so ó pọ̀, ó sì ga bí ilé alájà. Ẹ rántí àsìkò náà. Ní Dùgbẹ̀ nílùú Ìbàdàn, Ilé Kòkó alájà 26 ti wà lókè láti 1965. Ní Èkó, afárá ńlá ń nà kọjá lórí omi, irun tó ń jẹ́ Eko Bridge náà sì gòde. Ohun tí ìlú ń kọ́ sórí ilẹ̀ ni obìnrin ń kọ́ sórí. Kò sí jẹ́ẹ̀lì nínú iṣẹ́ yẹn, kò sí áyọ́ọ̀nù, kò sí irun àtọwọ́dá. Òwú dúdú, òòyà, òrí àti ọwọ́ ni.

Òwú yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a padà sí, àní fún ẹni tí kò fẹ́ kó hàn lórí rẹ̀ rárá.

Irun wa ká. Ẹyọ kan tí a bá fà tó sì dé èjìká lè sún padà dé ẹ̀gbẹ́ etí bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Nínú irun tó ká gidi, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gígùn rẹ̀ lè fara pamọ́ sínú ìká. Kẹrátíìnì ni wọ́n ń pe ohun tí ara irun fi ṣe, àwọn ìdè kéékèèké sì wà nínú rẹ̀ tí omi máa ń tú. Bí irun bá tutù, ìdè wọ̀nyẹn á tú. Bó bá ń gbẹ, wọ́n á tún so padà, bí irun bá sì ṣe wà nígbà tó ń gbẹ ni wọn yóò ṣe so. Irun tó gbẹ ní kíká á wà ní kíká. Irun tó gbẹ nígbà tí òwú na án á wà ní nínà, títí omi yóò tún fi kàn án. Áyọ́ọ̀nù ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kíákíá, ṣùgbọ́n ooru tó lè kọjá 200 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ló fi ń ṣe é, irun tó bá sì ti jóná kò ní wòsàn, gígé ló kù. Òwú kò jó nǹkan kan. Àsìkò nìkan ló ń béèrè, alẹ́ sì ni àsìkò tí a kì í lò.

Ohun tí iṣẹ́ náà gbà wà ní ọjà Bódìjà. Ọjà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987 yìí, ìrẹsì, ẹ̀wà, iṣu, ata àti ẹran ni àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ á rí òrí nínú àwo, á rí àgbọn tí yóò fi ṣe àdí, á rí ọṣẹ dúdú. Òrí tó jẹ́ ojúlówó kì í pẹ́ yọ́ bí ẹ bá fi í sí àtẹ́lẹwọ́, nítorí ooru ara ti tó láti yọ́ ọ. Ẹ ra òwú irun dúdú, èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì rọ̀ bí irun yín bá fẹ́lẹ́, èyí tó nípọn díẹ̀ bí irun bá pọ̀. Ẹ ra òòyà onígi tàbí onírọ́bà tí eyín rẹ̀ jìnnà síra. Ẹ ra píìnì tí orí rẹ̀ dán. Bí ẹ bá fi ìka tọ́ ọ wò tó gún yín, ẹ má mú un wálé. Nípa ọṣẹ dúdú, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lágbára. Ó ń mú kí èèpo irun là, tí irun á fi gbẹ táútáú. Ẹ po ó mọ́ omi púpọ̀, ẹ má sì fi fọ orí lójoojúmọ́.

Ó yá. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni.

Ẹ má ṣe kó irun tó tutù rinrin, òwú á fa irun já, nítorí irun tó rin gbingbin kò lágbára tó èyí tó gbẹ díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dé àyè pé ọwọ́ ṣì ń mọ ọ̀rinrin níbẹ̀. Bó bá jẹ́ irun tó ti gbẹ láti àná ni, ẹ wọ́n omi sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ la orí sí ọ̀nà mẹ́rin, láti iwájú dé ìpàkọ́, láti etí dé etí. Ẹ tún pín ìkọ̀ọ̀kan sí méjì. Mẹ́jọ nìyẹn, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ orí. Ẹni tí irun rẹ̀ kì pọ̀ lè ṣe mẹ́wàá. Ẹ mú ìpín kan, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á, pàápàá ìdí rẹ̀, níbi tó ti dàgbà jù tó sì ti ń ṣẹ́. Ẹ ya á láti ìdí wá sókè, kì í ṣe láti gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń já irun ara wọn: wọ́n á ti òòyà bọ gbòǹgbò, wọ́n á fà á wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, gbogbo kókó tó wà lójú ọ̀nà á sì pàdé ní ìdí.

Ẹ wé òwú mọ́ gbòǹgbò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kó dì mú, kó má fún. Bí awọ orí bá gbé sókè níbẹ̀, ó ti fún jù, ẹ tú u. Lẹ́yìn náà ẹ máa wé e lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ láàárín wíwé kan sí èkejì bó bá jẹ́ pé nínà nìkan ni ẹ fẹ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí òwú wà lórí yín lọ́jọ́ kejì, kí ó sì dúró, ẹ wé e kó sún mọ́ra. Ẹ so ìdí rẹ̀. Ọwọ́ tó ti mọ̀ ọ́n ń ṣe gbogbo orí kí ìròyìn alẹ́ tó parí lórí rédíò. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má bínú sí i. Ẹ fi ìborí sátíìnì bo orí sùn, nítorí aṣọ ìrọ̀rí olówùú ń mu òróró irun, ó sì ń ha á.

Láàárọ̀, ọ̀nà pọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí a má tú òwú rárá. Ìdì mẹ́jọ ló wà lórí. Ẹ tẹ mẹ́rin iwájú sẹ́yìn kí wọ́n pàdé ní àtàrí, ẹ gbé mẹ́rin ìpàkọ́ sókè kí wọ́n bá wọn níbẹ̀. Ẹ fi òwú kan so wọ́n pọ̀. Ìdí wọn tó kù, ẹ yí i po ibi tí ẹ so, ẹ tẹ orí rẹ̀ bọ abẹ́, píìnì méjì á mú un dúró. Irun yìí ń lọ sí ọ́fíìsì, ó ń lọ sí kíláàsì, ó ń lọ sí òde ìsìn. Bó bá wù yín, ẹ fi owó ẹyọ kan tàbí ìlẹ̀kẹ̀ kan sí iwájú rẹ̀. Ó lè wà lórí fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, aṣọ orí nìkan ni ẹ ó máa dè lálẹ́. Mo mọ àwọn tó ń sọ pé irun òwú jẹ́ ti ará oko. Irun tó wà nínú ìpàtẹ ní Paris àti ní Venice ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí òwú hàn, kó tú u láàárọ̀. Irun á ti nà, á ti rọ̀. Kó mú ọ̀já aṣọ tó fẹ̀ díẹ̀, kó gbé e yí orí ká láti ìpàkọ́, kó fà á díẹ̀díẹ̀ bọ̀ lókè, kí irun máa kóra jọ sí àtàrí bí ọ̀já ti ń gòkè. Sítọ́kìnì àtijọ́ tí a gé náà dára, nítorí pé ó ń fà, kì í gé irun. Róbà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń di owó, ẹ gbé e jìnnà sí orí. Bí irun bá ti jọ, ẹ lè fi í sílẹ̀ kó tú ká lókè bó ṣe wù ú, ẹ sì lè lọ́ ọ, kí ẹ ká a po ara rẹ̀, kí ẹ fi píìnì mẹ́rin mú un. Bí etí irun bá dìde wẹ́wẹ́, omi díẹ̀ lórí ìka àti aṣọ orí tí a dè lé e fún ìgbà tí ẹ fi ń mu tíì ti tó. Kò pọn dandan kó dán bí dígí. Irun wa kì í dán bẹ́ẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀.

Fún irun kúkúrú tí kò lè dé àtàrí, ẹ la á láàárín, kí ẹ lọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti iwájú orí lọ sí ìpàkọ́, kí ẹ máa fi irun kún un bí ẹ ti ń lọ. Bí ìlọ́ méjèèjì bá dé ìpàkọ́, ẹ tẹ orí ọ̀tún sábẹ́ òsì, ẹ fi píìnì mú un. Ó dà bí pé irun pọ̀ ju bó ṣe wà lọ. Ìyá tí irun rẹ̀ ti funfun tó sì ti fẹ́lẹ́, èyí ló yẹ ẹ́ jù, nítorí pé kò sí ibi tó ti ń fa orí.

Ẹni tó fi ààtàṣímẹ́ǹtì di irun, tó ń kó gbogbo rẹ̀ lọ sókè láràárọ̀, ó yẹ kó mọ̀ pé ẹrù ló ń gbé. Gbòǹgbò irun tirẹ̀ ló ń gbé e. Kí ó kó ìdajì sókè, kí ó jẹ́ kí ìdajì wà nílẹ̀, tàbí kí ó yí ibi tó ń so ó sí padà: lónìí ní àtàrí, lọ́la nísàlẹ̀ ní ìpàkọ́. Bó bá sì ti délé, kó tú u kó tó jókòó.

Mo ní láti dúró níhìn-ín, nítorí ohun tí mo ń rí lórí àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa ń ká mi lára. Etí irun ti ń sá padà. Láti ẹ̀gbẹ́ ojú títí dé òkè etí, awọ lásán ló ń hàn lórí ọmọ ogún ọdún. Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ìdílé. Fífà ni. Ní 1907 ni dókítà ará Austria kan ti kọ̀wé nípa àwọn obìnrin Greenland, ní ibi tí yìnyín wà, tí wọ́n ń fa irun wọn lọ sí òkè orí tí wọ́n sì ń dì í pinpin: etí irun wọn ló ń lọ. Irun tiwọn kò ká bí tiwa, síbẹ̀ ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2007, Nonhlanhla Khumalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town tẹ ìwádìí jáde lórí orí àwọn èèyàn dúdú ní Gúúsù Áfíríkà. Nínú àwọn obìnrin tó ti dàgbà tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ní irú àdánù irun yìí. Láàárín àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé, ó tó ìdá 17 nínú 100. Wọ́n tún rí i pé ewu náà pọ̀ sí i lórí irun tí wọ́n ti fi rẹ́láásà sí, tí wọ́n wá di mọ́ra lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu onídìrí àti lẹ́nu oníbàárà: kó le dáadáa kó lè pẹ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn pátápátá. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń mu Panadol lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá dirun, tí wọn kò lè fi ẹ̀gbẹ́ kan orí lélẹ̀ sùn, a sì ti sọ ọ́ di ohun tó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Irun tó ń dunni ti fún jù. Bí kókó wẹ́wẹ́ bá yọ ní etí irun lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, gbòǹgbò irun ló ń ké. Bí a bá tètè jáwọ́, irun náà á padà hù, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù, nítorí irun kì í hù ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ lóṣù. Bí a kò bá jáwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú àpá ni yóò kù níbẹ̀, òróró kankan tí wọ́n ń polówó kò sì ní mú irun jáde láti inú àpá. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti ń lọ, dókítà awọ ara ni kó lọ rí, kì í ṣe ẹni tó ń ta òróró.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Ìbàdàn ló ń kọ irun ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, kí orí gbogbo wọn lè bára mu: ṣùkú lọ́sẹ̀ yìí, kòlẹ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi kò rí ohun tó burú nínú ètò náà, ó tilẹ̀ jẹ́ kí orúkọ irun wa má kú lẹ́nu àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ lọ wo ibi tí ìyá ti jókòó sórí àga, tí ọmọ jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. "Màámi, ó ń dùn mí o." "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, ó kù díẹ̀." A máa ń rò pé ẹkún ọmọ ni. Kì í ṣe ẹkún lásán, ọmọ náà ń sọ ohun tí ọwọ́ wa kò lè mọ̀. Ṣùkú ń fa etí irun yíká gbogbo orí lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, nínú ṣùkú ọmọdé, kí ìyá fi irun wẹ́wẹ́ tó wà létí sílẹ̀ láìdì, kí ó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní dídẹ̀, kó tó wá dì í mú bó bá ti wọ inú orí. Ẹsẹ̀ mẹ́fà tó tóbi sàn ju méjìlá tó wẹ́ lọ lórí ọmọ ọdún márùn-ún. Bí olùkọ́ bá ní irun náà kò fún tó, kí ìyá lọ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Olùkọ́ náà ní etí irun tirẹ̀.

Ó tún yẹ kí ọmọ náà fọwọ́ kan irun. Ní gbàrà tí ìka rẹ̀ bá ti lè di okùn bàtà, ó lè kọ́ bí a ti ń wé òwú. Kí ìyá ṣe ìdì méje, kó fi ìkẹjọ sílẹ̀ fún un, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí níbi tí dígí ti lè fi hàn án. Á wọ́, á rí rádaràda, ẹ jẹ́ kó gbé e lọ sílé-ìwé bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá gbà. Iṣẹ́ tí Johnson kà, tí Ojeikere yà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, láti orí ẹnì kan sí orí ẹlòmíràn.

Ojú ọjọ́ náà ní ohun tí ó ń ṣe. Lásìkò òjò, ní oṣù Kẹfà àti Keje, afẹ́fẹ́ Ìbàdàn kún fún omi, irun tí a nà lálẹ́ á ti máa sún padà kó tó di ọ̀sán. Àsìkò yẹn ni kí a má tú òwú, kí a gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, irun á nà dáadáa, á sì pẹ́ lórí, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́ ní ìdí. Kí òrí pọ̀ sí i nígbà náà, kí a tẹ ìdí irun bọ inú kí atẹ́gùn má bàa bá a.

Bí ọjọ́ àtitú òwú bá pé, ẹ má ṣe fi bíléèdì gé e, ẹ kò ní mọ ìgbà tí ẹ ó gé irun mọ́ ọn. Ẹ wá ibi tí ẹ so ó sí, ẹ fi òróró díẹ̀ kan án, ẹ tú u láti ìdí lọ sí gbòǹgbò. Irun díẹ̀ á bọ́ sílẹ̀, ẹ má jáyà: láti 50 dé 100 ẹyọ ló máa ń kúrò lórí èèyàn lóòjọ́, gbogbo èyí tí òwú ti dì mú láti ọjọ́ mẹ́ta ló jáde pọ̀. Ẹ fi ìka tú kókó inú rẹ̀ kí ẹ tó mú òòyà. Òwú tí ẹ tú, ẹ ká a, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a. Ó ṣì wúlò fún alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.